Orúkọ Ilẹ̀kùn Kẹtàlá

Ọwọ́ ni Rìsíkátù fi kànkùn ilé mi. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí ẹnikẹ́ni ti fi ọwọ́ kànkùn ní Ìlú Àkámọ́, nítorí náà mo kọ́kọ́ rò pé nǹkan kan ló já bọ́ láti òrùlé.

"Àǹtí Ìbíyẹmí! Ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn! Mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, kò dá mi lóhùn!"

Mo ní kí ilẹ̀kùn ṣí. Kíá ló ṣí fún mi, bí ẹni pé kì í ṣe òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe bí odi sí obìnrin yẹn. Rìsíkátù dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kéègì òfìfo méjì. Ìyàwó Lámídì ni, Lámídì akọ̀wé omi, tí wọ́n máa dá ẹjọ́ rẹ̀ ní agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ náà. Awọ oríkèé ìka rẹ̀ ti bó níbi tó ti ń gbá ilẹ̀kùn. Ọwọ́ wa ò mọ iṣẹ́ yẹn mọ́.

"Omi ni mo wá tọrọ," ó ní. "Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé ohùn gbogbo ilé wa. Tèmi, ti ọkọ mi, títí kan ti Mùtíátù, ọmọ tó jẹ́ pé 'bàbá' àti 'omi' nìkan ló tíì mọ̀ ọ́n pè. Àràárọ̀ ló ń pe omi, Àǹtí. Ẹ̀rọ kàn ń wò ó."

"Ta ló ti ń bá yín bu omi?"

"Bàbá Ọláléye ni. Lánàá ó ní òun ò ṣe mọ́. Ó ní bí Ìgbìmọ̀ bá gbọ́ ohùn òun nídìí ẹ̀rọ wa, wọ́n á ní òun ń ti ọ̀daràn lẹ́yìn."

"Ojo ni Bàbá Ọláléye. Ojo paraku. Kí òkun tó rí i gbé lọ, ẹ̀rù á ti pa á. Gbé kéègì yẹn wọlé."

Mo ní kí ẹ̀rọ omi dà. Ó dà. Ọ̀wọ́ ilé kan náà la wà, èmi àti Rìsíkátù. Kí wọ́n tó gba ohùn rẹ̀, ilẹ̀kùn mi máa ń ṣí fún un bó ṣe ń ṣí fún mi. Á wọlé láìbèèrè, á bu iyọ̀, á bú mi díẹ̀ nítorí ilé tí mi ò gbá, á jáde. Lónìí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi bí àlejò, ó tẹjú mọ́ ẹnu kéègì bí ẹni pé mo lè yí ọkàn padà kó tó kún.

"Àǹtí, ẹ̀yin ni wọ́n máa pè kẹ́ ẹ wá jẹ́rìí."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ jogún orúkọ ilẹ̀kùn yẹn. Mi ò ní kẹ́ ẹ purọ́ fún wa o. Kẹ́ ẹ kàn sọ fún wọn pé orúkọ náà dá yàtọ̀ sí ti àwọn méjìlá yòókù, pé ẹnikẹ́ni ló lè ṣi í kọ. Ìyẹn nìkan."

"Kò sóhun tó ṣe orúkọ tí ìyá mi sọ ọ́." Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí orí mi tó dá sí i.

Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. "Èèyàn mọ́kànlá ló kú, Àǹtí. Lámídì ń ka orúkọ wọn lójoojúmọ́, bó bá parí á tún bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ohùn rẹ̀ kúrò pátápátá, kò sí ilẹ̀kùn tó máa gbọ́ tirẹ̀ mọ́ títí ayé. Kò sí iná, kò sí ọkọ̀. Bí àìsàn bá ṣe é, ẹnu ọ̀nà ọsibítù ni yóò kú sí, pẹ̀lú dókítà nínú ilé. Ẹ̀yin náà rí wọn lẹ́bàá ògiri."

Mo ń rí wọn. Ta ni kì í rí wọn? Àwọn aláìlóhùn, tí wọ́n jókòó sídìí Ògiri Òkun láti àárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n ń retí kí aláàánú kan kọjá kó bá wọn sọ fún ilẹ̀kùn pé kó ṣí. Mo ti bá púpọ̀ nínú wọn sọ ọ́. Mo ti gba òdìkejì ọ̀nà nítorí wọn náà rí, ní ọjọ́ tí mo bá ń kánjú.

"Máa lọ," mo wí. "Màá wá síbẹ̀."

"Kí lẹ máa sọ?"

"Mo ní kó o máa lọ, Rìsíkátù. Omi ẹ ti kún."

Ó gbé kéègì méjèèjì. Ẹnu ọ̀nà ló ti yíjú padà. "Ẹ ṣeun fún omi," ó ní, ilẹ̀kùn sì tì láàárín wa.

*

Ilẹ̀kùn omi mẹ́tàlá ló wà lára Ògiri Òkun. Bí òkun bá fà sẹ́yìn, a ó gbé wọn sókè kí omi òjò tó kún inú ìlú lè ṣàn jáde. Kí òkun tó padà dé, a ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Akọ̀wé omi ló ń kọ ìwé àṣẹ tuntun fún wọn láràárọ̀, torí pé wákàtí òkun lónìí kọ́ ni ti ọ̀la, inú Àpò Àṣẹ, àkójọ àwọn orúkọ tí ẹ̀rọ mọ̀, ló sì ti ń mú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń kọ. Láti pa ilẹ̀kùn kìíní títí dé ìkejìlá dé, 'ti-ilẹ̀kùn' ni yóò kọ. Bó bá kan ìkẹtàlá, 'sinmi-ilẹ̀kùn' ni. Iṣẹ́ kan náà. Irin kan náà. Òkun kan náà ló wà níwájú wọn. Kí ló wá dé? Ó dé nítorí pé Àṣàkẹ́ ìyá mi ló ṣe ìkẹtàlá, ìyá mi kì í sì í gba ìmọ̀ràn.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ilẹ̀kùn náà lórúkọ. Wọ́n gbé oyin àti iyọ̀ sórí tábìlì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ tuntun, nítorí bẹ́ẹ̀ ni òfin wí: ẹni tó bá ṣe àṣẹ ló ń sọ ọ́ lórúkọ, ohùn ẹni náà ni wọ́n sì ń gbà sínú ẹ̀rọ kí ẹ̀rọ máa fi jẹ́ iṣẹ́ tó bá parí. Orúkọ náà di ti ìdílé rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè yí i padà àfi kí àrólé fọwọ́ sí i. Ìgbìmọ̀ bẹ ìyá mi pé kó jọ̀ọ́, kó pè é ní 'ti-ilẹ̀kùn' bíi ti àwọn tó kù. Ó ní, "Ẹ̀yin ń pàṣẹ fún ẹrú. Èyí ti bá wa ṣiṣẹ́ látàárọ̀, màá sọ fún un pé kó sinmi." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí.

Kì í ṣe òun nìkan ló ya olóríkunkun. Ẹ ṣí Àpò yẹn wò. Ẹ̀rọ ìfami kan ń jẹ́ 'fa-omi', èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ 'omi-jáde', ìkẹta ń jẹ́ 'Bánkẹ́-dìde' nítorí pé bàbá tó ṣe é fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀yin náà ẹ máa há a sórí! Àpò tó ń bá wa dá òkun dúró, bí àkójọ orúkọ ẹbọra ló rí.

Ó ti pé ọdún méjìlá tí ìyá mi ti kú. Kò sí àwòrán rẹ̀ tó dára, omi ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ohun tó kù fún mi ni pé bí òkun bá fẹ́ dé, tí mo bá lọ dúró sábẹ́ ilẹ̀kùn kẹtàlá, irin á rọra sọ̀ kalẹ̀, ohùn ìyá mi á sì jáde látinú ẹ̀rọ, pẹ̀lú ikọ́ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe: "Mo ti sinmi."

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Mo ti rin ìrìn ọ̀nà jíjìn nítorí rẹ̀, lójoojúmọ́, fún ọdún méjìlá.

Tábìlì rẹ̀ ṣì wà níyàrá mi. Lẹ́yìn tí Rìsíkátù lọ, mo jókòó síbẹ̀. Bébà kékeré kan wà tó lẹ̀ mọ́ ara ògiri lókè tábìlì náà láti ìgbà ọmọdé mi, tí mo ti rí tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò rí i mọ́. Mo wò ó lọ́jọ́ yẹn. Ọwọ́ ìyá mi ló kọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà: ÌKẸTÀLÁ YÀTỌ̀ O, ÀṢÀKẸ́. MÁ GBÀGBÉ.

Ẹni tó ṣe é. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ. Òun alára ní láti lẹ bébà mọ́ ògiri.

Mo fa dúrọ́ọ̀ yọ. Ìwé Lámídì wà níbẹ̀, ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti jù ú síbẹ̀. Ìlà mẹ́rin péré ni. Òun, Lámídì, akọ̀wé omi, ń fi ọ̀wọ̀ bẹ ìdílé Àṣàkẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀kùn kẹtàlá máa jẹ́ orúkọ tí àwọn yòókù ń jẹ́, nítorí pé òun bẹ̀rù ọjọ́ tí ẹnìkan máa gbàgbé. Mo rántí bó ṣe dúró níwájú mi lọ́jọ́ náà, fìlà lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe pé orúkọ náà ò dára."

"Kí ló wá dé tó o fẹ́ pa á?"

"Mi ò fẹ́ pa nǹkan kan. Bí mo bá ń kọ ìwé àṣẹ, Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀mejìlá ni ọwọ́ mi ń sáré, ẹ̀ẹ̀kan ló ń dúró. Ìdúró ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

"Bí ọwọ́ ẹ bá ń bà ẹ́ lẹ́rù, lọ wá iṣẹ́ ìfọ̀ṣọ. Ìyá mi ò ní kú lẹ́ẹ̀kejì nítorí ọ̀lẹ."

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó dé fìlà rẹ̀, ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó lọ. Òfin sì ní ẹ̀bẹ̀ tí ìdílé bá kọ̀, a ò gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ níbikíbi, ẹni tó bẹ̀bẹ̀ ò sì gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni, kí ojú má bàa ti ìdílé. Ìwé ọwọ́ mi yẹn nìkan ló wà láyé. Lámídì ò lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ ń pa á lọ. Bí mo bá fi iná sí i, kò ṣẹlẹ̀ rí.

Mo di ìwé náà mọ́ inú ìró mi, mo jáde.

*

Olóyè Ṣówándé ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Òun ni olórí Ìgbìmọ̀ Orúkọ, ọkùnrin gígùn kan tó máa ń tẹ̀ síwájú lé èèyàn lórí bíi pé ó fẹ́ gbọ́ òórùn orí rẹ̀.

"Ọmọ Àṣàkẹ́," ó ní wẹ́rẹ́, "fọkàn balẹ̀. A ò ní jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan orúkọ ìyá ẹ."

"Àwọn wo ni 'wọ́n', Bàbá? Àwọn òkú mọ́kànlá ni àbí àwọn tó bí wọn?"

"Ẹnu ẹ yìí." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yọ eyín. "Gbọ́. Bí a bá gbà lónìí pé orúkọ kan ló fa omi wọ̀lú, lọ́la ni gbogbo ìdílé tó ní orúkọ nínú Àpò máa di ẹni à ń bi léèrè. Tèmi náà wà níbẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni màá bi ẹ́. Dáhùn rẹ̀ ní kúkúrú, kó o máa lọlé."

Mo kọjá.

Lámídì wà láàárín gbọ̀ngàn, lórí ìjókòó tí kò ní ẹ̀yìn. Ó ti rù. Ó rí mi, ó sì tẹrí ba díẹ̀ kí mi láti orí ìjókòó náà bó ṣe máa ń ṣe, "Ẹ kú ọ̀sán, Ẹ̀gbọ́n," lójú ẹjọ́ níbẹ̀, bí ẹni tó pàdé mi lọ́nà ọjà. Rìsíkátù wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Àwọn ará àdúgbò ilẹ̀kùn kẹtàlá kún ẹ̀gbẹ́ òsì, gbogbo wọn wọ aṣọ dúdú, kò sí ẹni tó ń pariwo nínú wọn.

"Akọ̀wé omi," Ṣówándé bẹ̀rẹ̀, "lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, kí lo kọ fún ilẹ̀kùn kẹtàlá?"

"Mo kọ 'ti-ilẹ̀kùn', Bàbá."

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

"'Sinmi-ilẹ̀kùn' ni."

"Ṣé o ò mọ̀ ni?"

"Mo mọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kọ ọ́."

"O mọ̀, o sì kọ òmíràn. Kí la fẹ́ pe ìyẹn?"

Lámídì wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. "Bàbá, oṣù mẹ́jọ ni ilẹ̀kùn kẹtàlá fi wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe, tí wọ́n fi irin dí ojú rẹ̀. Fún oṣù mẹ́jọ, méjìlá ni mo ń kọ, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn sì ń jẹ́. Ọjọ́ kẹta tó padà wá ni Ọjọ́bọ̀ yẹn. Mo kọ ìkíní, mo kọ ìkejì, mo kọ ọ́ dé ìkejìlá. Ọwọ́ mi ló kọ ìkẹtàlá, kì í ṣe èmi."

Ẹnìkan mí kanlẹ̀ láàárín àwọn aláṣọ dúdú.

"Nígbà tí ẹ̀rọ ò mọ orúkọ tó o kọ, kí ló sọ fún ẹ?"

"Kò sọ nǹkan kan, Bàbá. Ẹ̀yin náà mọ òfin."

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bàbá tó bí bàbá Ṣówándé ló fà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣí ògiri, bàbá àgbà náà dìde pẹ̀lú agbádá mẹ́ta lọ́rùn, ó ṣi àṣẹ pè, ẹ̀rọ sì dá a lóhùn níwájú gbogbo ìlú pé, "Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀." Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Kí oṣù tó parí, òfin ti jáde: ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ sọ fún ọmọ ènìyàn pé òun ò mọ ohun tó ń wí. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó fò ó, kó bọ́ sórí èyí tó kàn, kó dákẹ́. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n pè é.

"Ohùn ńkọ́?" Ṣówándé ò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. "Bí ilẹ̀kùn bá ti tì, ohùn ẹni tó ṣe é máa ń jáde. Ohùn mélòó lo gbọ́?"

"Méjìlá."

"Kò wá yà ẹ́ lẹ́nu?"

"Méjìlá ni mo ti ń gbọ́ fún oṣù mẹ́jọ, Bàbá." Ó ń na ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mo kà wọ́n. Allahu gbọ́, mo kà wọ́n. Méjìlá pé. Mo dìde, mo lọ mu ẹ̀kọ."

Òkun wọlé lágogo mẹ́wàá ku díẹ̀. Ilé mẹ́rìnlélógún. Àwọn tó kú, ilé ìkọ́ṣẹ́ aṣọ rírán kan ni púpọ̀ nínú wọn wà, nísàlẹ̀ ilẹ̀, wọn ò gbọ́ nǹkan kan nítorí ariwo máṣíìnì.

Wọ́n wá pè mí.

"Ìbíyẹmí, ọmọ Àṣàkẹ́, àrólé orúkọ 'sinmi-ilẹ̀kùn'." Ṣówándé na ọrùn sí mi. "Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti wá bẹ ìdílé yín rí pé kẹ́ ẹ yí orúkọ yìí padà?"

Ìbéèrè kan ṣoṣo náà nìyẹn. "Rárá." Ọ̀rọ̀ kan péré, n ó sì máa lọlé. Ní ìrọ̀lẹ́, bí òkun bá fẹ́ dé, màá lọ dúró sábẹ́ ògiri, ìyá mi á wúkọ́ díẹ̀, á bá mi sọ̀rọ̀.

Mo wo Lámídì. Ilẹ̀ ló ń wò. Kò fi ojú bẹ̀ mí. Kò gbójú sókè rárá, kí n má bàa rò pé ó ń rán mi létí. Ọkùnrin yẹn ń ṣọ́ ìtìjú mi fún mi, pẹ̀lú ọrùn rẹ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ.

Mi ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni láyé mi rí. Mo ti bú olóyè, mo ti bú ọlọ́pàá, mo ti sọ òótọ́ sójú àwọn tí òótọ́ ń pa. Lọ́jọ́ náà ẹ̀rù bà mí, mo di ìró mi mú níbi tí ìwé náà wà.

"Ẹnìkan wá," mo wí.

Ṣówándé dìde díẹ̀ lórí àga. "Rò ó wò dáadáa o."

"Mo ti fi ọdún mẹ́ta rò ó. Lámídì ló wá. Ìwé tó kọ rèé. Mo kọ̀ fún un, mo sì bú u lé e."

Mo tú ìró mi, mo yọ ìwé náà. Àwọn aláṣọ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Bí mo bá dúró níbẹ̀ yẹn, ì bá tó. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti ṣí, àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé kì í tètè padé.

"Ó ṣì kù. Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, mo wà lábẹ́ ògiri. Èmi ni mo ń yọ àwọn tó ń tún ilẹ̀kùn ṣe lẹ́nu fún oṣù mẹ́jọ pé kí wọ́n yára, nítorí pé mo fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá mi. Mo gbọ́ tí àwọn méjìlá dáhùn. Mo dúró. Ìyá mi ò dáhùn. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí mo ṣe?" Mo kọjú sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ó yẹ kí wọ́n rí ojú mi. "Inú bí mi. Mo ní àwọn oníṣẹ́ burúkú yìí ti ba ohùn ìyá mi jẹ́. Mo yí padà, mo ń kùn lọ sílé. Mi ò wo ilẹ̀kùn. Ó wà lókè, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu lórí mi, mi ò gbójú sókè wò ó. Ohùn ni mo wá. Mi ò rántí pé omi ló wà fún."

Obìnrin àgbà kan láàárín wọn dìde. Ó wò mí pẹ́, ó tún jókòó.

*

Wọn ò pẹ́ nínú ìmọ̀ràn wọn. Ṣówándé ka ìdájọ́ láìwo ojú mi. Wọ́n dá ohùn Lámídì àti ti ilé rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọ ìwé àṣẹ mọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ilẹ̀kùn kẹtàlá yóò máa jẹ́ 'ti-ilẹ̀kùn', wọn yóò sì yọ ohùn ẹni tó ṣe é kúrò. Orúkọ àwọn ẹ̀rọ yòókù dúró bó ṣe wà. 'Bánkẹ́-dìde' ṣì ń jẹ́ 'Bánkẹ́-dìde'. Òfin tó ní kí ẹ̀rọ dákẹ́, wọn ò mẹ́nu bà á. Ní ti àrólé tó kọ̀ láti gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ohun tí orúkọ náà ṣe di tirẹ̀: wọn ó yọ ohùn rẹ̀ títí ayé.

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi dìgbà tí òkun bá fẹ́ dé," mo ní. Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ wọ́n.

Òkun máa dé lágogo márùn-ún. Wọ́n mú mi lọ sídìí ògiri, èmi àti akọ̀wé obìnrin kan pẹ̀lú pátákó ìkọ̀wé rẹ̀. Òórùn ẹrẹ̀ ṣì wà ní gbogbo àdúgbò náà. Wọ́n ti kó àwọn máṣíìnì ìránṣọ síta kí oòrùn lè gbẹ wọ́n, wọ́n tò wọ́n gbọọrọ lẹ́bàá ọ̀nà, pẹ̀lú òwú àti aṣọ nínú wọn síbẹ̀.

"Ẹ sọ ọ́, Mà," akọ̀wé náà ní.

"Sinmi-ilẹ̀kùn."

Irin sọ̀ kalẹ̀. Ó kan ilẹ̀, òkun sì ń ti àyà mọ́ ọn lódìkejì. Ìyá mi wúkọ́.

"Mo ti sinmi."

Akọ̀wé náà dúró díẹ̀. Bóyá àánú ló ṣe é. Lẹ́yìn náà ó tẹ ohun tó fẹ́ tẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì: ìkíní fún ìyá mi, ìkejì fún èmi. Kò dún. Kò sí ohun tó yí padà lójú mi. Mo ń retí kí nǹkan dùn mí lọ́fun, bẹ́ẹ̀ ohùn mi ṣì wà lẹ́nu mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé náà, ó sì dá mi lóhùn.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé.

Mo dé ẹnu ọ̀nà mi. Mo ní kí ilẹ̀kùn ṣí. Mo tún un sọ, mo fi ohùn ìbínú sọ ọ́, mo tún fi ohùn ẹ̀bẹ̀ sọ ọ́. Mo jókòó sílẹ̀.

Rìsíkátù ló jáde láti ilé rẹ̀, kéègì kan lọ́wọ́, ó ti kún. Ó sọ fún ilẹ̀kùn mi pé kó ṣí. Ó ṣí. Ó gbé omi wọlé, mo sì tẹ̀ lé e bí ẹni tó wá wo ilé tó fẹ́ háyà. Ó gbé kéègì náà sórí tábìlì ìyá mi, lábẹ́ bébà yẹn, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó ní kí iná tàn. Iná tàn.

"Rìsíkátù," mo wí.

"Ọdún mẹ́ta, Àǹtí." Kò pariwo. "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ lọ́kàn níwájú yín láàárọ̀ yìí, tí ìwé yẹn sì wà lọ́wọ́ yín."

Ó jáde. Ilẹ̀kùn tì lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe máa ń tì.

Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé inú ni mo wà. Mo súnmọ́ ilẹ̀kùn, mo ní kó ṣí. Ó hùwà ọmọlúàbí sí mi, bí òfin ṣe wí. Kò sọ pé òun ò mọ̀ mí.

Mo gbé ọwọ́ sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kànkùn láti inú ilé.